DNA kì í ṣe ọ̀rọ̀ 'ta ni bàbá ọmọ' nìkan

Ẹ dárúkọ DNA lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kíá, gbogbo wa ti dé orí ọ̀rọ̀ ta ló lọ́mọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn ní kóòtù ìbílẹ̀ Màpó, níbi tí tọkọtaya ti ń tú àṣírí ara wọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí àyẹ̀wò kan náà lè dáhùn, tá a kì í sábà bi ìjọba: ta ló pa ọmọ?

Ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2001, wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, ní Ìbàdàn níbí. Òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà nígbà yẹn. Wọ́n mú èèyàn, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù dá wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀wò. A ò tíì rí ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi. Mi ò sọ pé DNA nìkan ni ì bá yanjú ẹ̀. Àmọ́ bí ti mínísítà ìdájọ́ bá rí báyìí, kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì ọmọ tí wọ́n ṣá pa níbi ìjà àwọn ọmọ ìta ní Bẹ́yẹrúnkà?

Ní Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, àdúgbò kì í ṣàì mọ nǹkan. Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kóòtù ò gba bẹ́ẹ̀. Abala 135 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn ọ̀daràn múlẹ̀ débi tí iyèméjì ò ní sí. Ta ló wá fẹ́ jẹ́rìí, nígbà tó jẹ́ pé agboolé kan náà lòun àtẹbí afurasí jọ ń gbé? Ẹni tó rí i á dákẹ́. Ọlọ́pàá á kó ọ̀dọ́ àdúgbò rẹpẹtẹ, wọ́n á máa wá ẹni tó máa jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ abala 29 òfin yẹn kan náà ní ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fìyà gbà lẹ́nu èèyàn ò ṣeé lò.

Ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti irun kì í bẹ̀rù ọmọ ìta. Wọ́n sì máa ń gba aláìṣẹ̀ là. Ní Leicestershire, ní England, ọmọ ọdún 17 kan jẹ́wọ́ ìpànìyàn lọ́dún 1986. DNA ló fi hàn pé kì í ṣe òun. Ọdún 1988 ni wọ́n rán ẹni tó ṣe é gan-an lẹ́wọ̀n.

Ẹ rántí Damilọ́lá Taylor náà, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n pa ní Peckham, London, lóṣù Kọkànlá ọdún 2000. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n lọ́dún 2002. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára bàtà tó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tipẹ́, tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fò. Lọ́dún 2006, kóòtù dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi. Ká ní wọ́n ti da bàtà yẹn nù ńkọ́?

Ibi tówó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan là ń sọ. Ó kan ibi gbígbẹ tó tutù tí wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀rí sí, ìwé tó ń sọ ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rí kọjá, ọlọ́pàá tó mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kan aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, àti onímọ̀ tó máa wá ṣàlàyé ní kóòtù. Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tiẹ̀ lọ́dún 2017. Nínú rògbòdìyàn oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n jà á lólè, wọ́n bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé owó ààbò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́lọ́pàá wà, kí ló kan Agodi? Abala 211 ìwé òfin ọdún 1999 ti dáhùn: agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló láṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, ìpànìyàn sì wà nínú ẹ̀. Òmíràn á ní ebi ń pa aráàlú. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tébi ń pa yẹn náà ni wọ́n ń pa ọmọ wọn, wọn ò sì lówó tí wọ́n á fi gba onímọ̀. UI àti UCH wà níbí, a ò ní láti wá ọgbọ́n lọ sókè òkun.

Òfin wa ò fi gbèdéke ọdún sórí ẹjọ́ ìpànìyàn. Ẹ̀rí ló máa ń bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìṣúná tó ń bọ̀ bá jáde, ẹ má wo owó títì nìkan. Ẹ wo abẹ́ ètò ìdájọ́, kẹ́ ẹ bi aṣòfin yín èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò DNA lórí àwọn ẹjọ́ ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ tó ti ń pẹ́ nínú fáìlì. Bí kò bá sí, ẹ béèrè ìdí. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà nílò owó ọkọ̀.