OWÓ JÁDE LẸ́Ẹ̀MEJÌ, LÉÈSÌ DÉ LẸ́Ẹ̀KAN: TA LÓ JẸ̀BI?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Léèsì ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan l'Ékòó tó ní ìsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mú fóònù, wọ́n yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n tẹ "San Owó". Òbìrìkìtì kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Ó ń yí, ó ń yí, kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ̀. Sùúrù tán, Màmá tún un tẹ̀. Àfi gbàù! Àlẹ́ẹ̀tì wọlé: ₦60,000 ti jáde. Wọn ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí òmíràn fi dé: ₦60,000! Léèsì tó wá dé láti Èkó ńkọ́? Ẹyọ kan péré.

"Ha! Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o!"

Ẹ rọra, Màmá. Ó lè máà jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó kọ ètò ọ̀hún sínú kọ̀ǹpútà ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán iṣẹ́.

Fóònù ò lè dá ọjà tà. Kọ̀ǹpútà kan wà níbòmíràn, sáfà ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dá gbogbo ẹni tó bá béèrè nǹkan lóhùn, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń dá àwọn tó yí ìkòkò ká lóhùn. Èdè tí fóònù àti sáfà jọ ń sọ ni HTTP. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, ló gbé e kalẹ̀ nílé iṣẹ́ ìwádìí CERN ní ìlú Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ọdún 1989 ló kọ èrò rẹ̀ síwèé. Nígbà tó fi máa di 1991, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè náà ní, GET, ìyẹn ni pé "Fún mi". Lọ́dún 1993, CERN gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní àwọn agbowó ọjà wa ló ni ín ni, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò!

Lẹ́yìn náà ni POST wọ inú èdè ọ̀hún, ìyẹn "Gbà, fi ṣe é". Ibí gan-an ni wàhálà wà. GET dà bí ẹni ń béèrè iye tómátì. Bẹ́ ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sí ohun tó bàjẹ́, àfi bí ẹni tó ń tà á bá pòṣé. Ní ti POST, owó lẹ fi lé ọlọ́jà lọ́wọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ nà án sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbà á.

Nọ́ńbà ni sáfà fi ń fèsì. 200: ó ti ṣe. 404: ohun tẹ́ ẹ wá ò sí níbí. 500: nǹkan bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìyẹn ò burú, èsì lèsì ń jẹ́. Èyí tó burú ni kí èsì má dé rárá. Ẹ rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ ò padà: ṣé kò dé ọ̀hún ni, àbí ó dé ọ̀hún, ó jíṣẹ́, ìgbà tó ń bọ̀ ló sọnù? Fóònù ò lè mọ èyí tó jẹ́. Ìyá aláṣọ wa ò lè mọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ tó ń kọ ètò wọ̀nyí kì í gbẹ́ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí káfíńtà ṣe ń ra pákó tí wọ́n ti là, férémù wà táwọn náà ń gbé iṣẹ́ lé. Ọ̀kan nínú wọn ni Angular, tí Google gbé jáde lọ́dún 2016. Ìránṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ HttpClient, ọdún 2017 lòun wọlé. Tẹ́lẹ̀, ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ provideHttpClient síbi tí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ nígbà náà, kò sí ìránṣẹ́ nílé nìyẹn. Ọmọ náà ló máa sọ àdírẹ́sì sáfà àti ẹrù tí ìránṣẹ́ máa gbé.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ yìí níwà kan! Bẹ́ ẹ di ẹrù lé e lórí, kò ní í lọ. Á dúró sójú kan títí ẹnì kan á fi sọ pé òun ń retí èsì. Subscribe ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èèyàn lè bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti àárọ̀ dalẹ́ lórí iṣẹ́ tí kò tíì rán rárá. Òdìkejì rẹ̀ ló ń jẹ owó: bí ibi méjì nínú ètò bá sọ pé àwọn ń retí èsì náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìránṣẹ́ máa lọ. Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, owó jáde lẹ́ẹ̀mejì! Àwọn mìíràn á tún kọ ọ́ pé bí èsì ò bá dé, kí ìránṣẹ́ tún lọ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dáa fún GET. Fún owó sísan, àjálù ni.

Ẹni tó bá mọṣẹ́, á ti bọ́tìnnì pa gbàrà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ò tó, torí fóònù lè kú, kí wọ́n tún un tàn. Ohun tó ń gbani ni kí ètò fún ìrajà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ìránṣẹ́ tó jáde nílé, kó sì máa gbé nọ́ńbà kan náà dání ní gbogbo ìgbà tó bá ń tún lọ. Sáfà á yẹ ìwé rẹ̀ wò: "Nọ́ńbà yìí ti wá rí, owó rẹ̀ ti wọlé." Èsì ti tẹ́lẹ̀ ló máa fún un, kò ní í fọwọ́ kan owó mọ́.

Nítorí náà, bí òbìrìkìtì bá ń yí, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àkáǹtì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí ọmọ kan ṣí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó san owó tó kù: "Àbúrò, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí oníbàárà mi tẹ San Owó, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Bó bá rẹ́rìn-ín pé kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ní ti ìyá aláṣọ wa, àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì ni kí wọ́n fi han oníṣòwò Èkó àti bánkì wọn, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má pa ìkankan rẹ́ nínú fóònù kí ₦60,000 ọ̀hún tó padà.