Ẹni Tí Ó Rán Ni Níṣẹ́ Ni À Ń Jábọ̀ Fún

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo ẹni tí ń ná owó ìlú wí, pàápàá àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ oko ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó tí a fi ń dá oko ìdánwò wọn, tí a fi ń ra ohun èlò wọn, tí a sì fi ń san owó oṣù wọn, láti inú àpò ará ìlú ni ó ti ń wá, àgbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ará ìlú. Nítorí náà ó tọ́ kí a bèèrè ohun méjì lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, nígbà tí wọ́n bá sì ṣe é tán, kí wọ́n jábọ̀ ohun tí wọ́n rí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ méjèèjì di òfin láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì dára kí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ ibi tí òfin náà ti ṣe rere, àti ibi tí ó ti kùnà, nítorí pé ọwọ́ ilẹ̀ náà wà nínú irú iṣẹ́ yìí níhìn-ín pẹ̀lú.

Ní ọdún 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ níbẹ̀, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí Òfin Morrill. Òfin náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, pé kí a tà á, kí a sì fi owó rẹ̀ gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga dìde fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tí ì mọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1887, tí a fi orúkọ aṣòfin William Hatch, ará Missouri, pè. Ó yan 15,000 dọ́là lọ́dún fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti fi ṣe oko ìdánwò lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ kíyèsí ohun tí òfin 1887 bèèrè. Ó ní kí oko ìdánwò kọ̀ọ̀kan fi ìròyìn iṣẹ́ àti ìnáwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà lọ́dọọdún, kí ó má ṣe kọjá ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Ó ní kí ó máa tẹ ìwé kékeré jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí ó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ tí ó bá bèèrè, níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gba owó kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1914, Òfin Smith-Lever yan owó fún àwọn olùkọ́ tí ń lọ bá àgbẹ̀ lóko, ó sì fi ìdè kan kún un: ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí owó ọdún gbà àfi bí ó bá ti kọ ètò iṣẹ́ ọdún náà sílẹ̀, tí olórí ọ̀ràn àgbẹ̀ nínú ìjọba sì ti fọwọ́ sí i. Báyìí ni ètò fi ń ṣáájú owó, tí ìròyìn sì ń tẹ̀lé e.

Ìlànà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ju ọgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Níbo ni ó yẹ kí ètò iṣẹ́ ti wá? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Wisconsin ní oṣù kejì ọdún 1933 lè dáhùn. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀ rí i pé àwọn màlúù rẹ̀ ń kú, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì dì. Ó gbé òkú ọ̀kan nínú wọn sínú ọkọ̀, pẹ̀lú korobá ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, àti koríko gbígbẹ tí ó ti bu tí ó fi ń bọ́ wọn. Ó wa ọkọ̀ náà la yìnyín kọjá, ní ọ̀nà tí ó lé ní 150 máìlì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Paul Link ní yunifásítì Madison. Lọ́jọ́ náà, Link gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe fi koríko náà bọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí ó sinmi. Ní ọdún 1939, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn ènìyàn rẹ̀ rí ohun tí ó wà nínú koríko bíbu náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni oògùn warfarin ti jáde, tí a kọ́kọ́ fi ń pa eku láti ọdún 1948, tí àwọn dókítà sì ń lò láti ọdún 1954 fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dì sí nínú iṣan. Títí di òní ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ẹnu àgbẹ̀ ni ìbéèrè náà ti wá. Bí ilẹ̀kùn ọ̀mọ̀wé náà bá ti wà ní títì sí i, ẹran ìbá máa kú nìṣó. Èkejì ni pé fún ọdún mẹ́fà, ìròyìn òtítọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣeé kọ ni pé, a ń wá a, a kò tí ì rí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ráhùn pé kíkọ ètò àti ìròyìn ń jẹ àkókò iṣẹ́, àti pé kò sí ẹni tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ìwádìí yóò mú jáde. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gbin obì kò lè mú obì wá fún onílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ lè wá wo bóyá igi náà wà láàyè, bóyá a ro ìdí rẹ̀, àti bóyá a gbìn ín rárá. Ìròyìn tí ó bá sọ pé a kùnà, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀, wúlò ju èyí tí ó kún fún iye ìpàdé tí a ṣe àti iye ìwé tí a tẹ̀.

Ibi tí a kò bá ti bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ rárá, ètò dídára pàápàá a máa di àjàgà. Ilẹ̀ Togo kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì rí èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, nígbà tí Jámánì ń ṣe àkóso ibẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, èyí tí Booker T. Washington jẹ́ olórí rẹ̀, dé láti fi ìgbìn òwú ti Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ènìyàn. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Jámánì ni a ti ṣe ètò náà, òwú fún ẹ̀rọ ìhunṣọ Jámánì ni a sì ń wá. Àwọn ará Togo ti ń gbin òwú tiwọn láàrin oúnjẹ oko kí àlejò tó dé, a kò sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹṣin àti màlúù tí ó yẹ kí ó fa ohun èlò ṣàìsàn kú nítorí eṣinṣin inú igbó, ènìyàn ni a sì fi rọ́pò wọn nídìí ẹrù. Òwú tí ó wọ ọkọ̀ pọ̀ sí i ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nítorí ìjọba ń fi ipá mú àwọn ènìyàn. Bí a bá ka ìwọ̀n òwú nìkan, a ó sọ pé iṣẹ́ náà yege. Bí a bá ka ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àká onílé, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà tìkára rẹ̀, àṣìṣe tí ó pẹ́ jù lọ ni ti àwọn tí a kò kà. Òfin kan ní ọdún 1890 mú kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin 1914 fi í sí ọwọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ láti yan ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba owó, ti àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n yàn. Títí di ọdún 1977 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú fi dúró kí òfin tó fún wọn ní owó ìwádìí tí ó fìdí múlẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìròyìn kò dẹ́kun láti máa lọ sí olú-ìlú lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn olórí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ àti ti àgbẹ̀ kọ̀wé sí gómìnà 16, pé owó tí a fi du àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là. Ìròyìn lè péye ní ti ìṣirò, kí ó sì jẹ́ irọ́ ní ti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1998 ni a tún òfin náà ṣe. Ó di dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń lo ìwádìí náà, kí ó tó lè gba owó láti oṣù kẹwàá ọdún 1999. Kí ó kọ ètò ọlọ́dún gígùn. Kí ó sì jábọ̀ lọ́dọọdún nípa èso iṣẹ́ náà. Ọdún 111 ni ó wà láàrin òfin tí ó ní kí a fi ìwé ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ àti èyí tí ó ní kí a fetí sí i.

Kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1964 ni yunifásítì Wisconsin ti ran ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1969 ni Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn àgbẹ̀ Ìsọ́yà àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Nígbà tí a dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1988, iṣẹ́ mẹ́ta ni a gbé lé e lọ́wọ́: kí ó kọ́ni, kí ó ṣe ìwádìí, kí ó sì mú ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ìròyìn máa padà sí ibi tí ìbéèrè ti jáde. Kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí a kà á ní gbangba ní abúlé, kí ó sọ èyí tí ó yege àti èyí tí ó kùnà. Kí a bi obìnrin tí ń yan gàrí léèrè gẹ́gẹ́ bí a ti ń bi ọkùnrin tí ń kọ ebè, nítorí irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí ó so púpọ̀ lóko lè fún obìnrin ní wàhálà nídìí iná.

Àgbẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí òun kó lóko kò lè mọ̀ bí irúgbìn titun bá ṣe é lóore. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó gbìn, ọjọ́ tí ó kórè, iye apẹ̀rẹ̀, àti owó tí ó ná sínú ìwé kan, tàbí kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ tí ó mọ ìwé bá a kọ ọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì ti yunifásítì wá sí abúlé láti wọn ilẹ̀ tàbí láti bèèrè ọ̀rọ̀, kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí a sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó lọ: Kí ni ẹ fẹ́ ṣe? Ta ni ó sọ fún yín pé ohun tí a ṣe aláìní nìyí? Ọjọ́ wo ni ẹ óò padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa?