Mọ Irú Akẹ́kọ̀ọ́ Tí O Jẹ́

Ní oṣù yìí, àwọn àgbàlagbà inú ìjọ ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tàbí kíláàsì àwọn olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mẹta, tí a kò sì rí wọn mọ́. Bí a bá béèrè, ìdáhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: "Pásítọ̀, orí mi ti kú. Ìwé kò wọ̀ ọ́ mọ́."

Orí ta ni ó kú? A kò gbà. Ìyá tí ó ń ta aṣọ lọ́jà, tí ó mọ gbèsè ogójì oníbàárà láìkọ ọ̀kan sílẹ̀, tí ó mọ ẹni tí ó san àbọ̀ àti ẹni tí ó ń sá fún un, irú orí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni à ń pè ní òkú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò tíì mọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọ inú òun. Etí ni ẹlòmíràn fi ń kẹ́kọ̀ọ́: kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka ẹsẹ Bíbélì sókè, kí òun máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ọwọ́ ni ti ẹlòmíràn, bí ó ti rí fún àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tàbí káfíńtà. Àfi kí ó dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan sì wà tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n ju àárẹ̀ lọ. Wọ́n ti jí láti aago márùn-ún, wọ́n dé láti ọjà ní aago méje alẹ́, a wá ní kí wọ́n jókòó síwájú pátákó. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ kí ó wá àkókò mìíràn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 18, láti ẹsẹ 24. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Apollo, ará Aleksandria. A jẹ́rìí rẹ̀ níbẹ̀ pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, pé ọkàn rẹ̀ gbóná fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni a kọ ọ́ pé ìtẹ̀bọmi Johannu nìkan ni ó mọ̀. Agbára rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ náà wà níbẹ̀, Bíbélì kò bo ọ̀kankan mọ́lẹ̀. Ta ni ó wá kọ́ ọ? Akuila àti Priskilla aya rẹ̀, àwọn tí ń pa àgọ́ tà. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e. A kò kà á pé Apollo béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, ẹ tún ibẹ̀ kà. (Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ kí obìnrin kọ́ yín ní ohunkóhun, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.)

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni olùkọ́ àwọn, nítorí náà àwọn kò nílò kíláàsì. Òtítọ́ ni pé olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú Johannu 14:26, Jésù ṣe ìlérí pé yóò tún máa rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn létí ohun tí Òun ti sọ fún wọn. A kì í rán ènìyàn létí ohun tí kò gbọ́ rí. Ẹni tí kò ka nǹkan kan sínú, kí ni kí Ẹ̀mí rán an létí?

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn ìhìnrere ní ilẹ̀ wa tí a fẹ́ràn púpọ̀. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ odò Ọya. Ẹni méjì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS yàn wà níbẹ̀: J. F. Schön, ará Jámánì, àti Samuel Àjàyí Crowther. Schön ti kọ́ èdè Ìgbò àti Haúsá ní Sàró lẹ́nu àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nígbà tí wọ́n dé Aboh, ó sọ Ìgbò tí ó kọ́, àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ẹ wo irú ìtìjú bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n Schön kò pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀, kò sì fi kíkọ́ èdè sílẹ̀. Ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó nǹkan, ó gbájú mọ́ Haúsá. Ìwé gírámà Haúsá rẹ̀ jáde ní 1862, ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1876.

Crowther ní tirẹ̀, ìwé tètè wọ̀ ọ́ lórí. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan ní 1837 pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni òun fi mọ Májẹ̀mú Titun kà ní Sàró. Síbẹ̀, ọmọdé ni wọ́n kó o kúrò ní Òṣogùn ní 1821. Ó sì lé ní ogún ọdún kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá. Yorùbá ọmọdé kò tó túmọ̀ Bíbélì. Ó ń gba ọ̀rọ̀ àti òwe lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti 1852 fi kún fún òwe. Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Ìwé sí àwọn ará Romu jáde ní 1850, odindi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kí ni ìwọ gan-an ń wá nínú ẹ̀kọ́? Àwọn kan wá nítorí pé aládùúgbò wọn gba díplómà, tí ó wọ ẹ̀wù àkàdá ya fọ́tò. Bí fọ́tò bá jẹ́ ohun tí ó ṣe iyebíye lójú wa, ẹ̀kọ́ yóò sú wa kí fọ́tò tó dé. Paulu wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó mọ̀ pé ikú òun kù sí dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí Timoteu bá òun mú ìwé wá (Timoteu Kejì 4:13). Kò sí oyè tí ó ń retí mọ́. Ìyá tí ó fẹ́ ka Sáàmù fúnra rẹ̀ kí ó tó sùn, ohun tí a ó kọ́kọ́ kọ́ ọ yàtọ̀ sí ti bàbá tí ó fẹ́ máa kọ ìwé owó ìjọ. Olùkọ́ kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ojú kù. Láti bí ẹni ogójì ọdún sókè, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí ohun tí ó sún mọ́ ọn kedere mọ́. Lẹ́tà Bíbélì á máa ṣe bàìbàì, orí á máa fọ́ni, oorun á sì máa kunni. A ti rí àwọn tí wọ́n ka èyí sí orí kíkú, tí wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti na Bíbélì jìnnà sí ojú kí ẹ tó lè kà á, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú kí ẹ tó padà sí kíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, tí ẹ ń béèrè ohun tí ẹ lè rà fún ìyá yín lọ́dún yìí, awò ìkàwé tí dókítà ojú kọ fún un ni kí ẹ rà, pẹ̀lú Bíbélì onílẹ́tà gbàǹgbà.