A1 Nínú Yorùbá, Odi Lẹ́nu: Ta Ni À Ń Tàn Jẹ?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá jù lọ àwa tí a ń fi iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá jẹun. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ará ìta ni yóò bá wa sọ ọ́, kò sì ní sọ ọ́ re.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ọ̀dọ́bìnrin ni nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá. Bí ó ti rí mi ni inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀, ó sì kí mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni. Ó jókòó ti ìyá mi, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, àyà mi ń já ṣáá láti àná, òòyì sì ń kọ́ mi bí mo bá dìde." Ọmọ náà kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tí mo yọjú wo ohun tí ó kọ, àyà dídùn ni ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti òòyì, kò kọ ohunkóhun. Ó kọjú sí mi, ó bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ni Màmá pè ní òòyì?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì tún ìwé rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí n kò bá bá ìyá mi lọ ńkọ́? Àyà tí ó ń já yàtọ̀ sí àyà tí ó ń dunni, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo rántí èsì ìdánwò àṣejáde ọmọ náà. A1 ni ó gbà nínú Yorùbá. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ti fi èsì ọdún náà yangàn níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa.

Báwo ni ó ṣe gba A1? Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ mi ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà lè sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpajẹ àti àránmọ́. Ó mọ fáwẹ́lì àránmúpè, ó mọ gbólóhùn oníbọ̀, ó sì lè ka iye sílébù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Ní ti àṣà ìgbéyàwó, ó ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lákàsórí: ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána. Ní ti àròkọ, mo ti kọ́ wọn ní òwe mẹ́wàá tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ èyíkéyìí. Ní ti ìwé lítíréṣọ̀ tí àjọ yàn, ìwé kékeré tí wọ́n fi ṣe àkékúrú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà. Nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n bá ìbéèrè tí a to ìdáhùn mẹ́rin sí lábẹ́ pé kí wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n mú un. Wọ́n bá ìbéèrè tí wọn yóò kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Ìdánwò parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹnì kan tí ó ní kí ọmọ náà lanu.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìmọ̀ nípa èdè yàtọ̀ sí agbára láti lo èdè. Ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo egungun tí ó wà nínú ẹja lè má mọ odò wẹ̀. À ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ egungun ẹja, a sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n mọ odò wẹ̀. Irọ́ ni ìwé ẹ̀rí náà ń pa, àwa ni a sì fọwọ́ sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn òbí ni ó jẹ̀bi, àwọn tí kì í sọ Yorùbá sí ọmọ wọn nínú ilé. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òbí kò gba owó oṣù láti kọ́ ọmọ ní Yorùbá; àwa ni à ń gbà á. Ohun tí ìdánwò kò bá bèèrè, olùkọ́ kì í kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà, òbí kì í sì bìkítà fún un. Bí ìdánwò Yorùbá bá ń bèèrè ẹnu, àwọn òbí tí ń lé Yorùbá jáde nínú ilé ni yóò máa sanwó fún ẹni tí yóò wá bá ọmọ wọn sọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún èdè tiwọn. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tí wọ́n fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó mọ ìdánwò tí à ń pè ní IELTS dáadáa. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Ní ti sísọ, olùdánwò yóò bá olùdánwò-wò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 11 sí 14, wọn yóò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òyìnbó kò ní gbà pé nọ́ọ̀sì wa gbọ́ èdè aláìsàn rẹ̀ àfi bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ hàn án. Àwa ńkọ́? Ta ni ó dán nọ́ọ̀sì wò kí ó tó tọ́jú ìyá mi?

Èyí tí ó tún ya ni lẹ́nu ni ti Yorùbá gan-an. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà wá sí Yunifásítì Ìbàdàn lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Flagship láti kọ́ èdè Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí ń jẹ́ ACTFL ní ìdánwò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fún èdè Yorùbá. Olùdánwò yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú tàbí lórí fóònù: yóò ní kí ó ròyìn, kí ó ṣàlàyé, kí ó gbèjà èrò rẹ̀, kí ó yanjú ọ̀ràn tí kò retí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó sọ ìpele tí ó wà. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ lanu kí wọ́n tó gbà pé ó gbọ́ ọ, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí sí Òjé lè gba A1 láì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ta ni ó ni èdè náà nínú àwọn méjèèjì?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àṣà àjèjì ni mo ń kó wọlé. Àwọn baba wa kò mọ ìdánwò ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òṣùwọ̀n èdè. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣi oríkì sọ tàbí tí ó gbé ìtàn gba ibi tí kò yẹ, ojú ẹsẹ̀ ni ìjálá mìíràn yóò dá a lẹ́kun, tí yóò sì tún un ṣe. Ìyàwó tí ó ń ròkun ẹkún ìyàwó, gbogbo agbo ilé ni ó ń gbọ́ bí ó ṣe mọ ọ̀n sun tó. Títí di òní, ẹ lọ wo alága ìjókòó àti alága ìdúró níbi ìdána: ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú wọn kò ní rí ẹni pè é sí òde mìíràn. Ẹnu ni wọ́n fi ń wọn Yorùbá, láàárín àwùjọ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni a gbé òṣùwọ̀n náà sọnù.

Àìsí òṣùwọ̀n yìí ti ná wa ní ohun tí ó ju ìtìjú lọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1977 fi èdè abínibí sí ipò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún sẹ́kọ́ńdìrì àgbà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, èdè Nàìjíríà kò sí lára àwọn ẹ̀kọ́ kàn-ńpá mọ́. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. A jó, a yọ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. A tún jó. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Ìdí tí ó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwọn ìdánwò yẹn. Wọ́n fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wọn èdè abínibí, wọ́n sì ní ó fúyẹ́. A mọ èsì tí a lè fún wọn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ni a tún lè fi hàn lẹ́yìn èyí? Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ ni à ń gbé kiri. Nígbà tí ìjọba béèrè ẹ̀rí, a kò ní òṣùwọ̀n kan tí a lè fi sọ pé: ẹ wò ó, báyìí ni ọmọ yìí ti ṣe lè ronú tó, báyìí ni ó ti ṣe lè ṣàlàyé tó, ní èdè ìyá rẹ̀. A1 nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa. A1 náà sì ti di owó ayédèrú.

"Yorùbá kì í fún ni níṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn lórí rédíò, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. BBC dá ẹ̀ka Yorùbá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ó sì gba òṣìṣẹ́. Ògbufọ̀ ní kóòtù, olùtọ́jú aboyún ní abúlé, ẹni tí ó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ìlò oògùn kòkòrò, gbogbo wọn ni Yorùbá jẹ́ irinṣẹ́ fún. Ẹ ronú sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá: ẹni tí wọ́n mú yóò fi Yorùbá rojọ́, ọlọ́pàá yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹni náà yóò sì tẹ ìka sí ohun tí kò lè kà. Òmìnira ènìyàn wà lórí bí ọlọ́pàá náà ṣe gbọ́ Yorùbá tó. Kò sí ẹni tí ó wọn Yorùbá rẹ̀ wò rí. Nítorí náà, iṣẹ́ Yorùbá wà; ohun tí kò sí ni ẹni tí ó ń béèrè bóyá òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ìdánwò Yorùbá àṣejáde jẹ́ ti orí ẹnu. Kí ọmọ kí àgbà kan, kí ó ròyìn ohun tí ó ṣojú rẹ̀, kí ó ṣàlàyé bí a ti ń ṣe nǹkan kan, kí ó jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn tàbí olùpẹ̀jọ́ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì lo irú òṣùwọ̀n kan náà fún nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòtù àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gbà síṣẹ́.

Wọn yóò ní owó kò sí. Ìdánwò ìṣe wà fún kẹ́mísírì, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Yorùbá kò gbà ju olùkọ́ méjì láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn àti fóònù tí yóò gba ohùn sílẹ̀ lọ. Wọn yóò ní ẹ̀ka èdè pọ̀: ọmọ Èkìtì ń kọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ́? Kí a wọn bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ni, kí a má ṣe fìyà jẹ ẹnu tí ìyá rẹ̀ fún un. Wọn yóò ní àkókò kò sí. Mo ti ṣe é nínú kíláàsì tèmi. Ọmọ 42 ni wọ́n, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ 9 péré ni ó lè ròyìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láì fi Gẹ̀ẹ́sì bọ́ ọ. Nígbà tí ó fi di òpin sáà kẹta, wọ́n ti lé ní ìdajì. Ìyá kan wá bá mi, ó ní ọmọ òun ti ń pe ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù láti bi í ní ọ̀rọ̀.

Mo ń ké sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá: kí a tó bẹ ìjọba pé kí ó sọ Yorùbá di dandan, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹnu di dandan nínú Yorùbá. Ẹ má dúró de àjọ onídánwò. Máàkì iṣẹ́ àtìgbàdégbà wà lọ́wọ́ wa; ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní sáà tí ó ń bọ̀.

Ìyá mi ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Àyà tí ó ń já kọ́ ni ó pa wọ́n, ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlòmíràn wà níwájú nọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ yìí, ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe é, kò sì sí olùkọ́ Yorùbá kankan níbẹ̀ tí yóò bá a túmọ̀ rẹ̀.