Ọ̀kẹ́ Mẹ́jọ Ó Dín Ẹyọ Kan

Òǹkà Yorùbá ti di ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama ń há sórí nítorí ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án kò ṣàjèjì: wọ́n ní ó lọ́jú pọ̀, àti pé ó ń yọ kúrò níbi tó yẹ kí ó rò pọ̀. Ta ni yóò gba ọgọ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ mẹ́ta, kí ó tó rí mẹ́tàdínláàádọ́ta, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kàn fi méje lé ogójì?

Ẹ̀sùn náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Síbẹ̀, nọ́ńbà kan wà tó lè gbèjà òǹkà yìí níwájú adájọ́ kádàájọ́: 159,999. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì gùn gbọọrọ, kò sì sọ ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń ka owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ó dín ẹyọ kan ni. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000, ìyẹn owó ẹyọ ẹ̀kún àpò kan.

Orúkọ yẹn ti tú àṣírí nọ́ńbà náà. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, 160,000, ni irinwó lọ́nà irinwó. Gbogbo olùkọ́ ìṣirò ló sì mọ̀ pé bí a bá sọ nọ́ńbà kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a yọ ẹyọ kan, ohun tó kù ni èyí tó fi kan dín sí nọ́ńbà náà lọ́nà èyí tó fi kan lé e. Nítorí náà, 159,999 ni 399 lọ́nà 401. Irinwó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogún lọ́nà ogún ni. Òfin kan náà tún ṣiṣẹ́: 399 ni mọ́kàndínlógún lọ́nà mọ́kànlélógún. Fọ́ mọ́kànlélógún sí mẹ́ta lọ́nà méje, ó parí: 3 × 7 × 19 × 401, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tún ṣeé fọ́. Ẹni tó kàn tẹjú mọ́ 159,999 yóò fi 3 pín in, yóò bá 53,333, yóò sì máa táràrà kiri kó tó kan 7, kó tó wá kan 19.

Kò yẹ kí a pọ́n òǹkà yìí ju bó ti yẹ lọ o. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ó lé ẹyọ kan, 160,001, kò ṣeé pín láìkù rárá, àfi kí a fi ẹyọ kan tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Orúkọ rẹ̀ kò sì fi èyí hàn. Ìyọkúrò ló ní kọ́kọ́rọ́ níhìn-ín, ìròpọ̀ kò ní.

Ọdún 1887 ni Adolphus Mann ti kọ̀wé lórí òǹkà yìí, tó so ó mọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Babátúndé Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Síbẹ̀, olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ni ní òǹkà bí ẹni ń ka oríkì, olùkọ́ ìṣirò tó wà ní kíláàsì kejì kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n fún ọmọ ní ọ̀kẹ́ méjì ó dín ẹyọ kan láìkọ ọ́ ní fígọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé igba lọ́nà igba ni ọ̀kẹ́ méjì.