"Kò Kàn Mí" Kì í Ṣe Ọgbọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kankan ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú àròkọ, wọ́n sì ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá délé, ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó ń bá níbẹ̀: "Má tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn." Bí ọkọ̀ bá dànù lójú títì, wọn a ní kí ó yára kọjá. Bí èrò bá rọ̀gbà yí ẹnì kan ká lọ́jà, tí wọ́n ń pariwo olè lé e lórí, wọn a ní kí ó wábi gbà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí kì í kọjá. Wọn a dúró, wọn a yọ fóònù, wọn a sì máa ya àwòrán ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀.

Ọgbọ́n ni àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń pe ìwà wọn. Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá rí ọmọnìkejì rẹ̀ nínú ewu, tí ó sì ní ohun tí ó lè ṣe sí i, jẹ ẹni náà ní gbèsè ìrànlọ́wọ́, ìbáà ná an ní ìrọ̀rùn, ìbáà ná an ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ àwọn akọni nìkan.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer balẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà. Ìpàdé àjọ ECOWAS ní Kàlábà ni ó ń lọ. Àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Obalende, nítorí pé àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn rẹ̀. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ni ó fura pé Ẹ̀bólà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn náà sẹ́ pé òun kò bá ẹni tí ó ní àrùn náà pàdé, tí àrùn náà kò sì tíì wọ Nàìjíríà rí. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó fi tó ìjọba létí, ó sì wá ohun ìdáàbòbò fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn aṣojú Làìbéríà ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25, oṣù Keje. Adadevoh náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ní ẹni ọdún 57. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ni ó sì kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Jákèjádò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó bá àjàkálẹ̀ náà lọ lé ní 11,000.

Ẹni tí ń sọ pé "kò kàn mí" yóò dáhùn pé, "Ó ṣe é, ó sì kú. Ṣé àwọn àgbà kò wí pé akíkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní ń bógun lọ?" Wọ́n wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ìgboyà. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ tí ó bẹ́ sódò láti yọ ẹlòmíràn kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Ó sọ òkú kan di méjì. Kí ó ju okùn, kí ó fi igbe ta, kí ó sáré pe òmùwẹ̀: gbèsè tirẹ̀ nìyẹn. Adadevoh kò fi ojú dídì bọ́ sínú ewu. Ó mọ ohun tí ó wà níwájú òun, ó gbára dì dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti ṣọ́.

Àwọn mìíràn a ní, "Bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́ ọmọ mi?" Ìbéèrè gidi ni èyí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Yorùbá fi ń kí abiyamọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀? "Ẹ kú ewu ọmọ." Ewu ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí, kí wọ́n tó kí ọmọ. Kò sí alààyè kan tí ẹlòmíràn kò fi ara rẹ̀ wewu kí ó tó délé ayé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ gbèsè. Ẹni tí ó ti gbà, tí kò fẹ́ san, kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá náà ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rù ọ̀hún kò sì ṣàìnídìí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ìbọn bà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2017 pàṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé ìbáà wà, ìbáà má sí. Ó sì ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó gbé e wá. Òfin lè wà kí àwọn kan má tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ pé òfin náà wà kò lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ó dé tí a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì?

Ìtàn Mọremí ni wọ́n máa ń fi kọ́ wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun méjì ni Mọremí ṣe, àwọn olùkọ́ sì ń lù wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ó fi ara rẹ̀ fún àwọn ọ̀tá kí ó lè mọ àṣírí wọn, kí Ifẹ̀ lè rímú mí. Lẹ́yìn náà, ó fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀, san ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ti àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ni ó fi wewu. Ti ìkejì, ọmọ tí kò sí níbi tí a ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni ó san án. Ojúṣe tí à ń wí yìí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣe akọni. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí ìyàtọ̀ yìí. Yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju kí wọ́n há ìtàn náà sórí lọ.

Kò sí ẹni tí ó ní kí gbogbo ènìyàn kú bí Adadevoh. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ kò tó bẹ́ẹ̀: kí ọkọ̀ dúró, kí ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín èrò tí ń bínú, kí fóònù tí a fi ń ya àwòrán di èyí tí a fi ń pe olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má fi òwe kẹ́wọ́ mọ́. Kí ó pe ẹ̀rù ní ẹ̀rù. Gbogbo ènìyàn ni ẹ̀rù ń bà; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní ọgbọ́n yóò fi kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ni yóò sì kọjá lọ ní ọjọ́ tí baba rẹ̀ bá ṣubú sójú títì.