Kí Wọ́n Tó Tún Tan Iná Ilé Ìfọpo Kàdúná

Ẹ̀yin ará Trikania, Nasarawa, Makera àti Kakuri, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti di onílé níbí láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kakuri ṣì ń hó yéè: ìwé yìí kò gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi di àkàrà kí ẹ tó kà á tán.

Ọdún 1980 ni ilé ìfọpo tó wà níhà gúúsù ìlú wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó lè fọ àgbá epo rọ̀bì 110,000 lóòjọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti dákẹ́. Ní 2023, NNPC gbé àtúnṣe rẹ̀ fún Daewoo ti Kòríà, láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu gbogbo wa: ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀? Èmi ní òmíràn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́ níbẹ̀, ta ni yóò wádìí rẹ̀, ibo la ó sì ti ka ohun tó rí?

Kì í ṣe pé mo ń ṣépè fún iṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ epo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ tó ti dúró padà léwu ju ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ geere lọ. Ẹ wo Texas City ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2005. Wọ́n ti dá apá kan ilé ìfọpo BP dúró fún àtúnṣe, wọ́n wá ń tan án padà. Ilé gogoro kan tí wọ́n ń da epo sí ga tó ẹsẹ̀ bàtà 170, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń wọn epo inú rẹ̀ kò ríran kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 nísàlẹ̀. Epo ń gòkè, ó lé ní 150, ìwọ̀n ṣì ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó ń wálẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti fi ọjọ́ 29 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lóòjọ́ láìsinmi. Epo kún àkúnya, ó tú gba ẹnu ọ̀pá kan, oru rẹ̀ bolẹ̀, ó gbiná. Èèyàn 15 kú, nǹkan bí 180 fara pa. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ ni àwọn tó kú, nínú àwọn ọ́fíìsì alágbèéká tí wọ́n gbé kalẹ̀ sítòsí àti láyìíká wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé ni, oúnjẹ tí wọ́n fi yọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ láìsí ẹni tó fara pa.

Iná yẹn kọ́ ló dùn mí jù. CSB, ìgbìmọ̀ tí òfin Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún irú ìwádìí yìí, tú ìwé ilé-iṣẹ́ náà palẹ̀. Wọ́n rí i pé láàárín 1994 sí 2004, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni oru epo ti tú lẹ́nu ọ̀pá yẹn kan náà. Nínú ìgbà 19 tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ náà ṣáájú, èyí tó pọ̀ jù ni epo ti ga kọjá ààlà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ! Nítorí kò pààyàn, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ẹ̀yin àti èmi mọ ìṣesí yẹn. Táńkà fẹ́ ṣubú, kò ṣubú: "Orí ló yọ wá." Gáàsì ń jò nílé alájọgbé, ẹnìkan tètè gbóòórùn: ìdúpẹ́ ni lọ́jọ́ Àìkú, tàbí ká pe àfáà. Èmi náà a máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í ti fáàfù. "Ó kù díẹ̀" ni ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí a kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni rà á, ìyẹn ló sì máa ń sọnù jù.

Ìgbìmọ̀ mìíràn tí James Baker ṣaájú gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní 2007. Wọ́n ní iye ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ń wò, nígbà tí iye yẹn sì kéré, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ tó rọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ilé gogoro ń kún?

Àwọn àgbà wa ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí ará ẹ̀yìn bá rí kòtò náà ni o. Ní oṣù Kẹwàá 1998, ọ̀pá tó ń gbé bẹntiróòlù láti Warri wá sí Kàdúná gbiná ní Jesse, ìpínlẹ̀ Delta. Nǹkan bí 1,000 èèyàn ló kú, lórí epo tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Àlàyé ìjọba ni pé olè ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ olè, ìbéèrè yòókù a kú: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé epo ń tú? Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó gbà kí wọ́n tó ti ọ̀pá náà pa? Nígbà tí ọ̀pá epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 2006, olè tún ni, òkú ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní Ìjẹ́gun lóṣù Karùn-ún 2008, kátapílà tó ń la ọ̀nà ló gé ọ̀pá. Ṣé kátapílà náà ń jalè ni?

Ohun tí mò ń bèèrè kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ni òfin 2022 sọ di NSIB, tó fi reluwé àti ọkọ̀ ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí reluwé Àbújá sí Kàdúná yẹ̀ lójú irin ní Asham lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2025, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìròyìn àkọ́kọ́ wọn jáde, gbangba lójú ayé. Wọn kì í wá ẹni tí wọn yóò dè. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó wọ reluwé ní Rigasa ní ẹ̀tọ́ yìí. Kí ló dé tí ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìfọpo kò fi ní in? NMDPRA tí òfin epo 2021 gbé kalẹ̀ ló ń fún àwọn ilé ìfọpo ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé ilé dúró ṣinṣin, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò wá sọ ìdí tó fi wó.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀: àṣírí iṣẹ́ ni, àwọn onísùnmọ̀mí á kà á. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ya àwòrán ẹnubodè wọn síta. Ìròyìn Texas City wà níta láti 2007, ilé ìfọpo Amẹ́ríkà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kí àwọn aṣojú wa ní Àbújá fi iṣẹ́ epo kún iṣẹ́ NSIB. Kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ó kù díẹ̀" má pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀, títí kan ọmọ kọ́ńtíráátọ̀ tí wọ́n gbà fún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n sì ka gbogbo ìròyìn fún wa ní Hausa, Gbagyi àti Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ohun kan wà tí a lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. A ó kọ̀wé sí NMDPRA: ìjàǹbá wo àti "ó kù díẹ̀" wo ló wà nínú fáìlì ilé ìfọpo Kàdúná láti 1980, kí ni wọ́n sì yí padà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó mú báírò wá sí ìpàdé ará àdúgbò.